Irin Tútù Kì í Wọ Ìléru Mi

Nígbà tí Alàgbà Oyèdélé na bébà náà sí Okechukwu, Oyèbísí ìyàwó rẹ̀ ló nawọ́ gbà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo ìjókòó, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì dá a padà sórí tábìlì. Ó ní ọkọ òun kò ní buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn kékeré tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Enugu ti máa ń ṣèpàdé. Ohun tó wà nínú bébà náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ó ní Okechukwu Ani, òṣìṣẹ́ ní ilé ìyọ́rin Oyèdélé ní Gariki, ló fi àìbìkítà ara rẹ̀ fa ìjàm̀bá tó fọ́ ọ lójú ọ̀tún, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ọ̀gá rẹ̀. Bó bá ti buwọ́ lù ú, Alàgbà yóò fi í ṣe olùṣọ́nà lẹ́nu géètì ilé ìyọ́rin náà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́, àánú ńlá nìyẹn. Alàgbà Oyèdélé ni alága wọn, ọdún kọkànlá rẹ̀ lórí àga sì nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ta kò ó.

Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ iná àti irin kì í ṣe ohun tí obìnrin ń dá sí, kí Oyèbísí jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Okechukwu ń wo ilẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọdún mẹ́rìndínlógún tó lò lọ́dọ̀ Alàgbà ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ọsibítù, kò tíì sọ gbólóhùn kan tó gún régé fún ẹnikẹ́ni.

“Alàgbà,” ni Oyèbísí wí, “irin tí ẹ ní kó fi sínú iná lọ́jọ́ náà, omi wà nínú rẹ̀. Ó sọ fún yín. Ẹ ní kó yára.”

Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyí. Ilé ìyọ́rin Alàgbà ni wọ́n ti ń yọ́ àlòkù alumíníọ̀mù, wọ́n á sì dà á sí ìkòkò, sí ìdérí, sí oríṣiríṣi ẹ̀yà ẹ̀rọ. Gbangba ìta ni òkìtì àlòkù náà wà. Òjò oṣù kẹta ń rọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Okechukwu ti sọ pé kí wọ́n fi páànù bò ó, Alàgbà sì dáhùn pé irin kì í ṣe àgbàdo tí yóò hù. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oníbàárà kan jókòó, ó ń wo aago. Wọ́n gbé àpótí jíà ọkọ̀ kan láti inú òkìtì, omi òjò sì há sí inú ihò rẹ̀. Okechukwu ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Alàgbà ní kó fi í sínú iná jàre. Ó fi í sí i. Irin tó ti yọ́ sínú ìkòkò iná náà bú bí ìbọn, ó sì ta sókè. Ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ bó.

Ohun tí òun àti Alàgbà sọ lọ́jọ́ náà, Okechukwu ti sọ ọ́ fún Oyèbísí ní ọsibítù. Ìdí tí irin fi bú ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ogún ọdún ló ti ń tọ́jú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan nínú ìlú. Òun ló ń tan gáàsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun ló ń pa á, òun ló sì ń kó ìgò tó bá fọ́ kúrò nílẹ̀. Ó mọ̀ pé omi tó bá rì sábẹ́ irin yíyọ́ yóò di ooru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi tí kò kún ife kan á sì máa wá àyè tó tó àgbá epo ńlá kan láti dúró sí. Kò ní rí àyè náà, nítorí náà yóò gbé irin tó wà lórí rẹ̀ jù nù. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, kì í sì í ṣe àìbìkítà Okechukwu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olúdáìsí, ẹ̀gbọ́n Oyèbísí, ránṣẹ́ pè é sí ilé bàbá wọn ní New Haven. Báńkì ni Olúdáìsí ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Bàbá bàbá wọn ló kọ́kọ́ wá sí Enugu láti Ìkìrun, akọ̀wé rélùwéè ni. Láti ìgbà náà ni ìdílé wọn kò ti fi ẹgbẹ́ yìí ṣeré. Olúdáìsí bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ní Alàgbà ló dúró ti àwọn nígbà tí bàbá àwọn kú, pé ènìyàn kì í dójú ti aṣáájú níwájú ọmọ ẹgbẹ́, pé iṣẹ́ olùṣọ́nà sàn ju kí Okechukwu máa jókòó lójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Oyèbísí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní òun kò gbàgbé oore, ṣùgbọ́n oore tí wọ́n ṣe fún òkú bàbá àwọn kò lè di ìbòjú fún ojú ọkọ òun. Olúdáìsí ní agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Oyèbísí ní bẹ́ẹ̀ ni.

Okechukwu sì jókòó lójú fèrèsé lóòótọ́. Bí aládùúgbò bá ń fi iná igi dáná, á dìde, á bọ́ sí yàrá kejì. Oyèbísí fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí ìṣáná lọ́wọ́ òun mọ́.

Ijeoma ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Ọmọ ìyá ni ìyá rẹ̀ àti bàbá Okechukwu, ọmọ Ngwo sì ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ táńkà omi méjì ló ní ní Ninth Mile, níbi tí ìdajì Enugu ti ń ra omi tí wọ́n ń mu. Ìpẹ́là pọ́ǹpù kan nínú méjèèjì ti ya. Irin kékeré ni, abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà yí i ká, òun ló ń yí nínú pọ́ǹpù tó fi ń ti omi gun orí òkè ilé. Pọ́ǹpù náà ti pẹ́, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kò bá a mu. Ilé ìyọ́rin Oyèdélé nìkan ló ń dà á, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹbí Okechukwu ni, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún Kérésì. Ijeoma bi Okechukwu bóyá ó mọ ẹlòmíràn tó lè dà á. Okechukwu mi orí.

Oyèbísí gbé ìpẹ́là yíya náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó fúyẹ́. Ó bi ọkọ rẹ̀ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí alumíníọ̀mù tó yọ́. Okechukwu yí ojú sí fèrèsé. Oyèbísí sọ fún un pé òun mọ̀, òun kàn ń béèrè ni.

“Èmi á dà á,” ló wí fún Ijeoma ní èdè Igbo. “Fún mi ní igun kan nínú ọgbà rẹ, níbi tó jìnnà sí táńkà àti sí ènìyàn.”

Okechukwu dìde, ó kúrò nínú yàrá.

Oṣù mẹ́ta ló gbà á, Sátidé sí Sátidé, nítorí pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbà Ijeoma gbòòrò, ilẹ̀ gbẹrẹfu ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní ilé. Ẹni tó fẹ́ bá a jó irin ní Ninth Mile fẹ́ ta sílíńdà gáàsì àtijọ́ kan fún un láti fi ṣe ara ìléru, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. Oyèbísí kọ̀. Ó ní gáàsì kì í tán pátápátá nínú sílíńdà, iná tí wọ́n bá fi gé e lè pa ẹni tó ń gé e. Àgbá gíríìsì ló lò, tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi òwú funfun tí iná kì í jó tẹ́ inú rẹ̀, ó sì di imú àti ẹnu rẹ̀ bó ti ń tẹ́ ẹ, nítorí pé eruku òwú náà kì í jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́ bó bá ti wọ̀ ọ́. Ó fi amọ̀ tí a pò mọ́ bíríkì lílọ̀ rẹ́ orí òwú náà. Ó lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ó lù ú ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí iná lè máa yí ìkòkò tí irin máa yọ́ sí po dípò kó máa gún un lójú kan. Ó lu òmíràn sí àárín ìdérí kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀kẹta wà ní ìdí àgbá, pé bí ìkòkò bá là, kí irin yíyọ́ lè ṣàn bọ́ sórí iyanrìn gbígbẹ.

Ó fi amọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbẹ. Ijeoma ní ṣé kò tíì tó. Ó ní kò tíì tó. Lẹ́yìn náà ló fi èédú díẹ̀ yá a, lọ́jọ́ kan díẹ̀, lọ́jọ́ kejì díẹ̀ sí i, títí tí èéfín funfun omi kò fi jáde lára rẹ̀ mọ́.

Páìpù irin ni wọ́n fi ṣe ẹnu iná náà, ó rí bí ti yàrá ìwádìí, ó kàn tóbi jù ú lọ ni. Sílíńdà gáàsì tí iná náà ń lò wà lóòró lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù kan, ó jìnnà sí ìléru tó bí ọkọ̀ mẹ́ta ṣe gùn tó. Họ́ọ̀sì tó nípọn àti régúlétọ̀ tuntun ló rà. Ní gbogbo ibi tí irin àti irin ti pàdé, ó máa ń fi fóòmù ọṣẹ pa á kó tó tanná. Ibi tó bá ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Kò kọ́ òrùlé sórí rẹ̀, kò sì gbẹ́ ilẹ̀ sísàlẹ̀ fún un. Ó ṣàlàyé fún Ijeoma pé gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rìn bí omi, kòtò ló sì ń wá. Gbogbo ibi tí ìléru dúró sí, iyanrìn gbígbẹ ló dà síbẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ǹtì máa ń mu omi pamọ́, bí irin yíyọ́ bá kán sí i, yóò bú.

Ó na okùn pupa yí ibẹ̀ ká. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára pákó ní Yorùbá, ní Igbo àti ní Òyìnbó pé: Irin tútù kì í wọ ìléru mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó fẹ́ yọ́ irin, ó wọ bàtà aláwọ, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu bàtà kí nǹkan kan má bàa kán sí inú rẹ̀. Òwú ni gbogbo aṣọ rẹ̀, awọ màlúù láti Gariki ló dè mọ́ àyà, ó sì bo gbogbo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú tí a ń wò kọjá. Ó kọ́kọ́ na ọ̀pá gígùn tí iná wà lórí rẹ̀ sí ihò ìsàlẹ̀, ìgbà náà ló tó ṣí gáàsì díẹ̀díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò dojú kọ ihò. Iná náà mí, ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Irin yọ́. Ó dà á sínú àpótí iyanrìn tó ti fi omi díẹ̀ pò, tó sì ti tẹ àwòṣe ìpẹ́là sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọ́ àpótí iyanrìn, ìpẹ́là tó jáde kún fún ihò bí àkàrà tí ọwọ́ kò po dáadáa. Ijeoma ní kó má bínú. Oyèbísí kò bínú. Ó gbé e lọ sílé, ó sì gbé e síwájú Okechukwu lórí tábìlì.

Okechukwu wò ó títí. Nígbà tó yá, ó gbé e, ó fi ìka tọ ihò rẹ̀ wò, ó yí i padà.

“Omi pọ̀ jù nínú iyanrìn rẹ,” ló wí. Gbólóhùn tó pé nìyẹn, àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún.

Ní Sátidé kejì, Okechukwu bá a lọ. Kò wọ inú okùn. Ó jókòó sórí táyà kan ní apá kejì ọgbà, ó kẹ̀yìn sí ìléru, wọ́n sì ń gbé iyanrìn wá bá a. Á bù ú, á fún un mọ́ ọwọ́, á ṣẹ́ ẹ sí méjì, á wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ó máa ń sọ pé kí wọ́n fi gbígbẹ kún un. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àwòṣe sínú àpótí, òun ló la ọ̀nà tí irin máa gbà wọlé àti èyí tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Ìpẹ́là kejì kò ní ihò, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan kò dé òpin. Okechukwu ní irin ti tutù kó tó dé ibẹ̀, kó jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ sí i, kó sì má dúró lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń dà á.

Sátidé kẹta ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ló gba Ninth Mile kọjá tó rí pákó náà, ló bá lọ sọ. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ọgbà ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n Oyèbísí ti fi tapólì bo iyanrìn rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni ọkọ̀ Alàgbà wọlé. Alàgbà fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Olúdáìsí tẹ̀ lé e, Súnkànmí tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Súnkànmí yìí ló gbé Okechukwu lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Kò wá kí i láti ìgbà náà, ojú ń tì í.

Ìléru ń ké. Oyèbísí ṣí ìbòjú rẹ̀, ó kí wọn, ó sì ní kí wọ́n dúró sí ẹ̀yìn okùn. Ó bẹ Olúdáìsí kó tún sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀wù ọ̀rá ló wọ̀, bí iná bá kán sí i, yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Alàgbà kò fẹ́ dúró sí ẹ̀yìn okùn. Ó ní òun wá ní orúkọ ẹgbẹ́, kí Oyèbísí pa iná náà kíá. Ó ní gáàsì tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni obìnrin yìí kó wá síta, yóò pa ara rẹ̀, yóò pa àwọn ọlọ́mi, orúkọ Yorùbá ni yóò sì bàjẹ́ ní ìlú onílùú.

Oyèbísí fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé ìlú òun nìyí, ibí ni wọ́n bí òun sí, ibí ni wọ́n bí bàbá òun sí. Ó ní ẹgbẹ́ kò bá òun ra búlọ́ọ̀kù kan, ẹgbẹ́ kò sì ní bá òun pa iná. Ó fi ọwọ́ júwe sílíńdà lẹ́yìn ògiri fún wọn, ó fi fáàfù hàn wọ́n, ó fi garawa iyanrìn gbígbẹ hàn wọ́n. Ó ní bí Alàgbà bá rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó sọ ọ́, òun á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Alàgbà wò yíká. Kò rí àléébù kankan, ìyẹn ló sì bí i nínú. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí orí ìdérí ìléru, níbi tí Oyèbísí to àlòkù písítìn mẹ́ta sí kí ooru lè gbẹ wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ń yan irin bí ẹni ń yan ẹja?” ló wí. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń yọ́rin. Mi ò sá irin rí.”

Oyèbísí bọ́ sí ẹ̀yìn okùn, ó lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn táńkà ń gbà kọjá, níbi tí písítìn kan ti bọ́ sínú ọ̀gbàrà láàárọ̀. Ó fi ẹ̀mú gbé e. Omi ń kán lára rẹ̀, ẹrẹ̀ dí inú rẹ̀. Ó gbé e wá, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Alàgbà, níta okùn.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Alàgbà. Irin yíyọ́ wà nínú ìkòkò báyìí. Màá pa gáàsì, màá ṣí ìdérí fún yín, gbogbo àwa ìyókù á bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé eléyìí, kí ẹ fi í sínú rẹ̀.”

Alàgbà wo písítìn náà. Súnkànmí wo Alàgbà. Olúdáìsí náà wò ó. Ijeoma àti àwọn awakọ̀ rẹ̀ méjì tó dúró nítòsí táńkà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Alàgbà ní òun kò bá eré ọmọdé wá.

“Kì í ṣe eré,” ni Oyèbísí wí. “Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ ti ń ṣe é. Kí ló dé tí ẹ ò lè ṣe é lónìí?”

Ìgbà yẹn ni Okechukwu dìde lórí táyà rẹ̀. Ó yíjú padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì dojú kọ ìléru náà rí. Ó rìn wá, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún iyanrìn. Yorùbá ló sọ, pẹ̀lú ohùn àwọn ará Ngwo.

“Ẹ̀rù ń bà yín, sà. Ó dáa. Ẹ̀rù ba èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ní kí n fi í sí i, mo fi í sí i.”

Alàgbà ní kí Súnkànmí jẹ́ káwọn máa lọ. Súnkànmí kò lọ. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sọ fún Okechukwu pé kó jọ̀ọ́, òun gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́rin ló gbọ́ ọ, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Okechukwu fi orí dá a lóhùn. Alàgbà nìkan ló wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà, awakọ̀ sì pẹ́ kó tó rí ibi yí i sí nínú ẹrẹ̀.

Oyèbísí padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé irin kì í dúró de ìjà. Ó ní kí Súnkànmí lọ sẹ́yìn ògiri lọ pa ẹnu sílíńdà fún òun. Gáàsì tó kù nínú họ́ọ̀sì jó tán, Oyèbísí wá ti fáàfù tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìléru kò ké mọ́. Ó ṣí ìdérí, ó gba èérí ojú irin kúrò, ó fi ẹ̀mú tó bá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mu gbé e sókè, ó sì dà á ní ìdà kan ṣoṣo láì dúró. Irin náà wọlé, ó sì yọ lójú ihò kejì, èyí tó fi hàn pé ó ti kún. Olúdáìsí mí kanlẹ̀ lẹ́yìn okùn bí ẹni pé òun ló gbé ìkòkò.

Wọ́n dúró kó tutù. Okechukwu ló fọ́ iyanrìn. Ìpẹ́là náà pé: abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà, kò sí ihò, kò sí ibi tó kù. Ó gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó fi èékánná lù ú, ó fetí sí i. Ó ní wọ́n á fi fáìlì ha ara rẹ̀ dán fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà yóò wọ inú pọ́ǹpù. Ní ọjọ́ kejì, táńkà Ijeoma gbé omi gun orí ilé alájà mẹ́ta ní New Haven, ó sì gbé e láì sinmi.

Olúdáìsí kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e fẹ́ mú ọ̀rọ̀ bébà náà wá, ó ní akọ̀wé kò ní kọ irú bébà bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọn kò rí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ dá Oyèbísí dúró fún oṣù mẹ́ta pé ó rí alága fín. Ó gba ìwé ìdádúró náà, ó ní ó ti yé òun, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Alàgbà Oyèdélé ṣì ni alága títí di òní. Ojú Okechukwu kò padà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Súnkànmí àti àwọn òṣìṣẹ́ méje jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Gariki, wọ́n ní àwọn kò ní yọ́ irin kankan tó wá láti inú òjò. Alàgbà halẹ̀, ó pariwo, ó lé méjì lọ, ó sì pe méjèèjì padà ní ọjọ́ kẹta nítorí pé iṣẹ́ ti dúró. Kí oṣù tó parí, páànù ti wà lórí òkìtì àlòkù náà. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ti ní in lọ́kàn tipẹ́. Nígbà tí Súnkànmí ròyìn rẹ̀, Oyèbísí ní kó jẹ́ kí Alàgbà máa sọ bẹ́ẹ̀, páànù ni òun fẹ́, kì í ṣe ìyìn.

Àwọn onítáńkà mìíràn ń mú ìpẹ́là wọn wá sí ọgbà Ijeoma báyìí. Okechukwu ló ń tẹ gbogbo àpótí iyanrìn, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n bí Oyèbísí bá ti gbé ìkòkò sókè tí irin sì fẹ́ ṣàn, Okechukwu á yí ojú sí ibòmíràn títí yóò fi tán. Ijeoma bi Oyèbísí lẹ́ẹ̀kan bóyá kò yẹ kó gba ọkọ rẹ̀ níyànjú pé kó máa wò ó, kí ẹ̀rù náà lè kúrò lára rẹ̀. Oyèbísí ní rárá o. Ó ní ẹni tí irin ti ta sí lójú ní ẹ̀tọ́ láti wo ibi tó bá wù ú, ó fa ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àpótí tó kàn wá.